Kò Sẹ́ni Tí Wọ́n Máa Lé

"Uncle Gbádégẹṣin, a ti borí o!"

Hamid ló ń pariwo nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí Rye Lane, ní Peckham.

Àwọn awakọ̀ tó ń fi áàpù gbé èrò ti dìbò pé kí yúníọ̀nù máa gbẹnu sọ fún wọn níwájú iléeṣẹ́.

Gbogbo wọn ń dì mọ́ Gbádégẹṣin. Òun ló bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀rù fi kúrò lára wọn.

Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Àfi bíi pé ẹlòmíì ni wọ́n ń dì mọ́.

"Uncle, ẹ sọ pé kò sẹ́ni tí wọ́n máa lé nítorí yúníọ̀nù," ni Rahmah, awakọ̀ bíi tiwọn, wí. "Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n dìbò."

Ó kàn mi orí.

"Ibo lẹ páàkì sí? Ẹ jẹ́ ká sìn yín dé ìdí mọ́tò."

"Ẹ máa lọ. Mò ń bọ̀."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó rọra rìn lọ sí bọ́sítọ́ọ̀bù.

Kò ní mọ́tò mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni iléeṣẹ́ yọ ọ́ kúrò lórí áàpù, nítorí ọ̀rọ̀ yúníọ̀nù yìí náà, ló bá dá mọ́tò padà fún ẹni tó háyà á fún un.

Kò sọ fún ẹnì kankan.

Ká ní wọ́n gbọ́ ni, ẹ̀rù ò ní jẹ́ kí wọ́n dìbò.