Alásọdùn Tó Sọ Ẹran Omi Di Màmíwọ́tà

Irọ́ pípa ni àrùn tó ń bá ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Alásọdùn fínra. Kì í ṣe pé kò mọ òótọ́ o. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n òótọ́ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀ àfi tó bá fi iyọ̀ sí i, iyọ̀ ọ̀hún a sì máa pọ̀ ju ọbẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú omi tó fi ń gbé àlejò káàkiri ọ̀sà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ni ín. Ẹ̀gbọ́n yìí ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní èbúté, ọkọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ohun tó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kó jọ.

Níbi tí odò tóóró kan ti ya wọ ọ̀sà, ẹran ńlá kan ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Àwọ̀ eérú ni àwọ̀ rẹ̀, irun líle wà ní imú rẹ̀, ìrù rẹ̀ sì fẹ̀ bí àjẹ̀. Kì í ṣe ẹja, nítorí ó gbọ́dọ̀ yọrí sókè kó tó lè mí, ọmú ló sì ń fún ọmọ rẹ̀ lábẹ́ apá. Ìyá Alásọdùn ti fi irú rẹ̀ han òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ìyá náà ní, "Ẹ wò ó bó ṣe gbé ọmọ sáyà. Òun làwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ ń rí lókèèrè tí wọ́n ń pè ní obìnrin. Àárò ilé ló ń sọ wọ́n."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Alásọdùn di awakọ̀, màmíwọ́tà ló ń pe ẹran náà fún àwọn àlejò, àlejò sì ń wọ́ tọ̀ ọ́. Bí àwọn awakọ̀ yòókù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn lọ síbẹ̀, ó tún fi òmíràn kún un. Ó ní, "Bí kùrukùru bá bo omi láàárọ̀, màmíwọ́tà yìí máa ń pe èèyàn lórúkọ. Ohùn ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ló máa fi pè yín. Ẹni tó bá dáhùn ti lọ nìyẹn. Ẹ má wẹ̀yìn o, ẹ sáà máa wakọ̀ yín lọ." Jìnnìjìnnì bo gbogbo èbúté, odò tóóró náà sì di ti Alásọdùn nìkan.

Inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ru. "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí ẹnu ẹ ń sọ ni? Ìyá kan náà ló bí wa, ojú kan náà la fi rí ẹran yẹn!"

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Alásọdùn dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ni irọ́ yìí pa?"

"Kò tíì pa ẹnì kan ni."

Nígbà tó yá, ẹran náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú mọ́, àwọn àlejò sì ń kùn. Ni Alásọdùn bá ra àwọ̀n. Ó fẹ́ fi dí ẹnu odò náà kí ọmọ ẹran má lè jáde, nítorí ó mọ̀ pé ìyá kò ní fi ọmọ sílẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí àwọ̀n náà nínú ọkọ̀.

"Gbé e sọ̀ kalẹ̀! Tí àwọ̀n bá dì í mú sínú omi, kò ní rí èémí mí. Ikú lo fẹ́ fà yẹn."

"Ẹran jọ yín lójú ju àbúrò yín lọ," ni èsì rẹ̀. Ó tú okùn ọkọ̀, ó lọ. Ó dun obìnrin náà débi pé ó ju sípánà ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru ṣú bolẹ̀, Alásọdùn sì lọ yẹ àwọ̀n rẹ̀ wò. Oòrùn yọ, kò dé. Bàbá apẹja kan ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí èbúté.

"Ọmọ mi, màmíwọ́tà pè mí lónìí! Ó ní, 'Bàbá, ẹ gbà mí o!' Eré ni mo sá."

Ẹ̀gbọ́n Alásọdùn sá tọ̀ ọ́. "Bàbá, ohùn ta ni?"

"Ohùn àbúrò rẹ gan-an ló fi pè mí. O ò rí i bó ṣe gbọ́n!"

"Bàbá, àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló ń pè yín!"

Bàbá mi orí. Obìnrin náà bẹ awakọ̀ kan, ó bẹ èkejì, ó kúnlẹ̀ fún ẹ̀kẹta. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ ohùn náà, gbogbo wọn ló sì ti sá, bí Alásọdùn fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ wọn. Ọ̀kan tiẹ̀ ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà ló ń pè báyìí. Ẹ má dáhùn." Ó pariwo, ó sunkún, ó ṣépè, kò sẹ́ni tó tú okùn ọkọ̀. Nígbà tó sú u, ó wọ ọkọ̀ pákó kékeré kan tó ń jò, ó dá nìkan fi àjẹ̀ tù ú lọ.

Ó bá àbúrò rẹ̀ tó dì mọ́ òpó tó so àwọ̀n mọ́. Ọmọ ẹran ti há sínú àwọ̀n. Bí Alásọdùn ṣe fẹ́ fà á yọ, ìyá ẹran náà fi ìrù gbá ọkọ̀, Alásọdùn já sómi, okùn àwọ̀n sì wé mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi gé ẹran ara dé egungun. Ìgbì ti gbé ọkọ̀ lọ sójú òkun. Ohùn rẹ̀ ti há. Ọmọ ẹran ti kú, ìyá rẹ̀ sì ń yọrí, ó ń mí, ó ń fi imú ti òkú ọmọ náà sókè bóyá yóò mí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gé okùn náà, ó fi ọkọ̀ pákó gbé e padà wá sílé. Wọ́n gé ẹsẹ̀ Alásọdùn nílé ìwòsàn. Nígbà tó padà sí èbúté pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. "Irọ́ ni mo pa. Ẹran ni. Ọmú ló ń fọ́mọ. Èmi ni mò ń pè yín lọ́jọ́ yẹn!" Wọ́n á wò ó tàánú-tàánú. "Ẹ ò rí i? Ó gba ẹsẹ̀ ẹ̀, ó tún gba ọpọlọ ẹ̀." Á tún pariwo, á fi ọ̀pá lu ilẹ̀, wọ́n á sì yára kọjá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbi tó ti ń tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe. Kò ní tiẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n. Ẹni tí yóò gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn. Ohun tí èèyàn bá fi kọ́ aládùúgbò rẹ̀ ni aládùúgbò yóò fi ṣèwà hù lọ́jọ́ tí ó bá ké gbà mí. Irọ́ kì í sì í dúró lọ́dọ̀ ẹni tó pa á. Ó pa ọmọ ẹran tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ó sọ ẹ̀gbọ́n tó ń kìlọ̀ di aláìní. Ìyà tó tóbi jù nínú ìyà onírọ́ ni pé, lọ́jọ́ tó bá sọ òótọ́, kò ní sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́.