Àgbò Ilé Bàbá Tísà

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1991, Àsánì Ògúntádé kó ìyàwó rẹ̀ Rónkẹ́ àti Gàníyù, ọmọ wọn olóṣù márùn-ún, kúrò nínú yàrá kan lẹ́yìn Alábà Rago. Ìlú Ìbà ni wọ́n kó lọ, kí ọmọ lè máa rí oorun sùn. Ní Alábà Rago, pákó kan ṣoṣo ló wà láàárín bẹ́ẹ̀dì wọn àti ọjà àgbò. Gbogbo ẹbí ló gbà pé ibẹ̀ kò yẹ ọmọ tuntun.

Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ ló ni ilé tí wọ́n kó lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, Bàbá Tísà ni àwọn ayálégbé ń pè é. Ọdún márùndínlógójì ni Bàbá fi ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n dákẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó rántí sọ fún un pé ó ti tó. Òfin méjì ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀: ariwo kò gbọdọ̀ sí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹran ọ̀sìn kankan kò sì gbọdọ̀ wọlé yìí. Ẹni tó bá rú ọ̀kan, kó kó ẹrù rẹ̀.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Gàníyù la ojú, ó tẹ́tí sí ìdákẹ́jẹ́ náà, ó sì figbe ta. Ó ké di aago mẹ́ta.

Ìyá Àwẹ̀ró, tó ń gbé yàrá kejì, tó sì ti bí ọmọ mẹ́fà, ní kí wọ́n fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fi òrí pa á lára. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mọ́, ara rẹ̀ ń dán, ó ń ké. Nọ́ọ̀sì kan ní kí wọ́n má gbé e mọ́. Wọn ò gbé e, ó ń ké. Ìyá Àwẹ̀ró ní kí wọ́n pọ̀n ọ́n. Ó ń ké lẹ́yìn.

Ní Ọjọ́rú, Bàbá Tísà kan ilẹ̀kùn.

“Àsánì, mo fún ọmọ yín di ọjọ́ Àbámẹ́ta.”

“Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ọmọ oṣù márùn-ún ni.”

“Ṣé mo ní kó wá ṣe ìdánwò ni? Mo ní kó sùn. Ṣé ẹ ti ṣàlàyé òfin fún un?”

“A ti kà á sí i létí, sà.”

“Ẹ tún un kà.”

Wọn kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè lọ. Yàrá wọn àtijọ́ ti di ibi tí wọ́n ń kó koríko àgbò sí.

Ní Ọjọ́bọ̀, Rónkẹ́ pọn ọmọ lọ kí aládùúgbò rẹ̀ àtijọ́ ní Alábà Rago. Kó tó kúnlẹ̀ kí i tán, láàárín àìmọye àgbò tó ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, Gàníyù ti sùn lọ. Wákàtí mẹ́ta ló fi sùn. Nígbà tí Rónkẹ́ délé, ó ròyìn fún ọkọ rẹ̀. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni Àsánì, kì í tètè dá sí ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú fáìlì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bó ṣe kúrò níbi iṣẹ́, ó yà sí Alábà Rago. Ó dúró síwájú àgbò funfun kan, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò ó. Ọkùnrin tó ń ta àgbò náà wò ó títí.

“Alhaji, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ?”

“Ṣé ó máa ń pariwo?”

“Rárá o! Jẹ́jẹ́ ni.”

“Ẹ fi èyí tó ń pariwo hàn mí.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí aago ṣe lu mẹ́sàn-án, ọmọ fi igbe ta. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé gbọ́ ọ: “Bẹ̀ẹ̀ẹ̀.” Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọmọ dákẹ́, ó sì sùn di àfẹ̀mọ́jú.

Bàbá Tísà jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ abẹ́ gbogbo bẹ́ẹ̀dì wò, ó yẹ balùwẹ̀ wò, ó ṣí ìkòkò Ìyá Àwẹ̀ró.

“Bàbá, ṣé inú ìkòkò mi ni àgbò máa wọ̀?”

“Àgbò ti wọ ìkòkò rí.”

Àsánì ló ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Wọn ò rí ìgbẹ́, wọn ò rí koríko, wọn ò rí irun. Ẹran ọlọ́gbọ́n ni: bí àwọn méjèèjì bá ti ń wá a, kì í dún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wá a lálaalẹ́. Gàníyù sanra. Àsánì ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ohùn rẹ̀ há, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gba kíka ìwé ìpàdé lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Àánú ṣe Bàbá, ó fún un ní orógbó.

“Òtútù tó ń mú ọ nídìí àgbò yìí ló fà á. Ẹni tó ni ẹran yẹn kò láàánú.”

“Ẹ ṣé, sà,” ni Àsánì fi ohùn wúyẹ́wúyẹ́ sọ.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, Bàbá pe gbogbo ayálégbé jọ. Ó ní bí òun kò bá mú àgbò náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo wọn ló máa kó jáde. Ó gbé àga méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún Àsánì, ẹni kan ṣoṣo tó fọkàn tán. Aago mẹ́sàn-án lù. Nínú yàrá, Gàníyù fi igbe ta. Àgbò kò dún. Gàníyù ń ké. Òógùn bo Àsánì. Ọmọ ké di aago mẹ́wàá ku díẹ̀, Bàbá sì yíjú sí ilẹ̀kùn náà.

“Ọmọ yín tún ti bẹ̀rẹ̀?”

Kí Àsánì tó lè dáhùn, nǹkan ké láti ẹ̀yìn ògiri: “Bẹ̀ẹ̀ẹ̀.” Àgbò Iléyá ni, tí aládùúgbò kan so mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Bàbá fò dìde. “Òun nìyẹn! Ilé ẹlòmíràn ló ti ń dà wá láàmú látọjọ́ yìí! Ohùn náà gan-an ni, mi ò lè ṣì í gbọ́.” Ó bọ Àsánì lọ́wọ́, ó wọlé lọ kọ lẹ́tà sí aládùúgbò.

Rónkẹ́ dúró títí ó fi gbọ́ tí Bàbá ti ilẹ̀kùn, ó fi ìrọ̀rí dí abẹ́ ilẹ̀kùn tiwọn, ó gbé ọmọ tó ń sunkún sún mọ́ ọkọ rẹ̀ tó ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Bàbá Gàníyù, wọ́n ti wọlé, ẹ fọwọ́ bo ẹnu díẹ̀, kẹ́ ẹ sì fa bẹ̀ẹ̀ẹ̀ kẹta gùn dáadáa, òun ló fi ń sùn.”