Ọmọ Adìẹ Tó Lọ sí Ilé-ìwé Odídẹ

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àgbébọ̀ adìẹ àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Awó, ẹyẹ ẹtù, ní ilé-ìwé ọ̀fẹ́ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Àgbébọ̀ yínmú sí i: "Ọmọ tèmi, nínú ekuru?" Ọ̀dọ̀ Odídẹ ló fi ọmọ sí, níbi tí ọmọ ti ń wí ohun tí olùkọ́ bá wí, láìyẹ ohùn.

Ọmọ dé fún ọlidé, òjò dé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé Awó sá sábẹ́ ìyá wọn. Àgbébọ̀ na apá, ó kọrin:

"Ọmọ mi, wá sábẹ́ apá o."

Ọmọ dúró ṣánṣán nínú òjò, ó gbè é:

"Ọmọ mi, wá sábẹ́ apá o."

Ohùn náà dùn ju ti ìyá lọ. Ìyá pè é títí, ọmọ ń gbè é.

Ni Àgbébọ̀ bá dìde, ó wọ inú òjò lọ, bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń pè.