Delfina Tó Dá Lọ sí Yunifásítì Etí Òkun

Delfina Borba kì í fi oúnjẹ ṣahun. Bí ìyá rẹ̀ bá se ọbẹ̀ ẹran, yóò bu nínú tirẹ̀ fún ẹni tó bá jókòó tì í. Ìmọ̀ ló fi ń ṣahun. Ohun tó bá ti mọ̀, ó fẹ́ kó jẹ́ pé òun nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ló ń lọ ní àfonífojì Kalifọ́níà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń sin màlúù. Ọdún méjì ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ di ẹnjiníà yóò wá yunifásítì tí yóò gbà á kó lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Delfina àti Kalia Vang, ọmọ àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin ata àti ẹ̀fọ́, ti jọ ń jókòó sí tábìlì kan ní ilé oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí ìṣirò bá le, Kalia á to ṣíbí àti fọ́ọ̀kì sórí tábìlì, á máa fi ìka tì wọ́n.

"Wò ó, ọ̀rẹ́, ṣíbí yìí ló ru ẹrù. Ta ló ń tì í lẹ́yìn kó má ṣubú?"

"Fọ́ọ̀kì."

"Áà, orí ẹ ti ń ṣiṣẹ́! Mo rò pé wàrà màlúù ló kún inú ẹ̀ ni."

Delfina á rẹ́rìn-ín, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì gba máàkì tó dáa. Ó rò pé ọpọlọ òun ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ṣàdéhùn pé ibi kan náà làwọn yóò lọ, pé àwọn yóò sì jọ gba yàrá. Yunifásítì méjì ni wọ́n ń wò. Ọ̀kan wà nítòsí, níbi tí òórùn màlúù ṣì ń dé. Èkejì wà létí òkun. Bí èèyàn bá dárúkọ ti etí òkun yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà á yíjú wò ó pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ìkórè èso álímọ́ńdì ń bọ̀ lọ́nà, Delfina nìkan lọ rí Ọ̀gbẹ́ni Ruelas tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn.

"Àwọn ti etí òkun kì í gba èèyàn púpọ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹni tí kò bá ṣe kọ́ọ̀sì tó ń kọ́ni bí afárá ṣe ń dúró, kó má wulẹ̀ dán an wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré là ń kọ́ ọ lọ́dún níbí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló sì máa bẹ̀rẹ̀. Bá mi sọ fún Kalia o."

"Màá sọ fún un, sà."

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń jáde lọ, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú láti ọ̀dọ̀ wa, Kalia ni wọ́n máa mú. Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra, àmọ́ ẹni tí ìlara bá ti wọ̀ lójú kì í rí bó ṣe fẹ̀ tó.

Kalia ti ń dúró dè é nínú ọkọ̀. "Kí ni Bàbá Onímọ̀ràn wí?"

"Kò sí nǹkan tuntun."

"Kọ́ọ̀sì afárá yẹn ńkọ́? Ṣé dandan ni? Ilé iṣẹ́ álímọ́ńdì ń pè mí sí iṣẹ́ lásìkò yẹn gan-an."

"Wọn ò bèèrè rẹ̀. Lọ ṣiṣẹ́ ẹ, jàre."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Kalia, ṣé màá tàn ẹ́ ni?"

Nígbà tí Kalia rí i pé Delfina ń lọ sí kíláàsì náà, Delfina ní òun kàn fẹ́ràn afárá ni. Kalia gbà á gbọ́.

Èsì dé. Etí òkun mú Delfina, ó kọ Kalia. Kalia sunkún díẹ̀, ó nu ojú. "Lọ fi hàn wọ́n pé àwa ará àfonífojì náà gbọ́n," ló wí. Ó sì forí lé yunifásítì tó wà nítòsí.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Delfina dé etí òkun, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó dé. Àwọn tó bá níbẹ̀ ti wà pọ̀ láti ọdún kìíní. Wọ́n ti mọ ẹni tó mọ ìṣirò láàárín wọn, wọ́n mọ ẹni tó mọ àwòrán yà, wọ́n mọ ẹni tó máa ń pẹ́ dé. Olùkọ́ ní kí wọ́n pín ara wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè wà?"

"Pẹ̀lẹ́ o, a ti pé," ni ọmọbìnrin kan dá a lóhùn, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo ibi tí Delfina yà sí, wọ́n ti pé. Olùkọ́ ló fi í há àárín àwọn mẹ́ta kan tí kì í rántí orúkọ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bú u, kò sì sẹ́ni tó kí i. Ó ń dá jẹun nínú yàrá, kùrukùru òkun bo fèrèsé. Ó to ṣíbí sórí tábìlì bíi ti Kalia, ṣùgbọ́n ṣíbí ò sọ nǹkan kan. Ó lè bi àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ó rò pé gbogbo èèyàn ló ń fi ìmọ̀ pamọ́ bíi tòun, kò sì la ẹnu.

Ó kùnà nínú kọ́ọ̀sì tó le jù. Wọ́n ní kó tún un ṣe, pé bó bá tún kùnà, kó gbàgbé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà. Ìgbà náà ló tó pe Kalia. Ẹ̀rín ń sọ lẹ́yìn fóònù.

"Delfina! Ó mà pẹ́ o! Dúró kí n bọ́ síta, àwọn wọ̀nyí ń jà nítorí píísà."

"Kalia, jọ̀ọ́, iṣẹ́ kan dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Bá mi ṣàlàyé ẹ̀."

Kalia bọ́ síta, ó pa ilẹ̀kùn dé. "Mo lọ dágbére fún Ọ̀gbẹ́ni Ruelas kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó ní, 'Kí ló dé tí o ò ṣe kọ́ọ̀sì afárá? Ṣé Delfina ò sọ fún ẹ ni?' Mo ní o sọ fún mi, èmi ni mo gbàgbé."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

"Mi ò bá ẹ jà o," ni Kalia wí. "Ojú ló kàn ń tì mí fún ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó tì ẹ́ mọ́. Ó dàbọ̀."

Delfina tún kọ́ọ̀sì náà ṣe, ó tún kùnà, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó ń kọ́ ẹnjiníà. Lọ́jọ́ tó ń di ẹrù, ìyá rẹ̀ pè é.

"Ọmọ mi, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ńkọ́? Ní kí wọ́n bá ẹ gbé ẹrù sọ́kọ̀."

"Wọ́n ti lọ sílé, Màámi."

Ó gbé àpótí àkọ́kọ́, ó ń dá sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá yunifásítì tí ẹ máa lọ, ẹ wo orúkọ ilé ẹ̀kọ́, kò burú. Ẹ bèèrè owó rẹ̀, kò burú. Àmọ́ ẹ bi ara yín léèrè pẹ̀lú pé ta ni yóò jókòó tì yín níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹnjiníà kì í ṣe iṣẹ́ àdáṣe. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹni tó ń kọ́ ẹ ní ohun tó mọ̀, má fi ohun tí ìwọ mọ̀ pamọ́ fún un. Bí o bá dí ọ̀nà mọ́ ẹnì kejì rẹ, ìwọ nìkan ni yóò kù tí yóò máa rìn ín, ọ̀nà náà yóò sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ.