Iná tó ń Lọ sí Yàrá Òfìfo

Wáyà tó gbé iná wọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ń gbóná, bẹ́ẹ̀ mítà tí oníná àkọ́kọ́ fi yẹ iná wò ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ni ìyá onílé bá ránṣẹ́ pe oníná mìíràn, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mítà-ò-purọ́, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó mọṣẹ́, ó sì níwà tútù lójú ẹni tó bá gbé iṣẹ́ fún un. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń ṣọ̀fọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún ìyá náà pé mítà àtijọ́ gbà pé iná máa ń lọ sókè sódò jẹ́jẹ́ bí omi. Kọ̀ǹpútà, ṣájà àti gílóòbù ayé ìsinsìnyí kì í mu iná bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń já a gbà. Bí a bá fi mítà àtijọ́ wọn páwà fátọ̀ wọn, ìyẹn ìdá tó ń ṣiṣẹ́ gidi nínú iná tí ilé ń fà, irọ́ ni yóò pa.

“Mítà náà tún ń purọ́ báyìí?” ni ìyá bi í.

“Tèmi kì í purọ́, ìyá.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi mítà tirẹ̀ hàn án, èyí tó ń ya àwòrán bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe ń mu iná. Ìyá ní òun ò mọ ìyẹn, kó ṣáà má jẹ́ kí ilé jó mọ́ àwọn ayálégbé òun lórí.

Ó ṣí àpótí iná tó wà nísàlẹ̀, ó ń fi ẹnu mítà gbá wáyà yàrá kọ̀ọ̀kan mú. Yàrá àwọn oníkọ̀ǹpútà ló burú jù. Bí ìdajì iná tí wọ́n ń fà ni kò ṣiṣẹ́ kankan. Nígbà tó kan wáyà yàrá òkè tó kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Àwòrán tó jáde gé díẹ̀ lápá òkè, ó gé púpọ̀ nísàlẹ̀, bí búrẹ́dì tí eku jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun kan ṣoṣo láyé ló ń mu iná báyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é. Lọ́dún tí ìyàwó rẹ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé wọn, àtẹ̀gùn tí kò ju méjì lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè tẹ pẹ́dàlì ẹ̀rọ ìránṣọ oníná rẹ̀ dáadáa mọ́. Ọkọ bá fi àlòkù irin iṣẹ́ ṣe ohun tí yóò máa fọwọ́ yí láti bu iná fún ẹ̀rọ náà dípò pẹ́dàlì. Ó ti wo àwòrán rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ti fi àléébù rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀.

Etí odò ni wọ́n ti rí ìró obìnrin náà. Wọ́n ní odò ti gbé e lọ, ṣùgbọ́n wọn ò rí òkú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni olè tún gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Ayé ò láàánú, ni ọkùnrin náà máa ń wí. Kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ohun tó ń tọrọ ni kó tún rí i, ìbáà ṣe lójú àlá. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó ṣì máa ń wúkọ́ kó tó ṣílẹ̀kùn, torí obìnrin tí ẹ̀rù tètè ń bà ni.

Ó kọ́kọ́ rò pé ẹni tó ra ẹrù olè ló ń gbé òkè. Ṣùgbọ́n àwòrán náà ń yọ, ó ń pòórá: ìránṣọ díẹ̀, ìdúró bí ẹni ń gbọ́ nǹkan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìránṣọ díẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń ránṣọ nìyẹn.

“Ìyá, ìyàwó mi tó ti kú ló ń ránṣọ lókè yẹn. Ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ń tiro. Ta ló wà níbẹ̀?”

Ìyá onílé wo ọwọ́ ọkùnrin náà méjèèjì pẹ́. “Kò sẹ́ni níbẹ̀. Yàrá yẹn ti ṣófo tipẹ́.”

Ó gòkè lọ. Ó gbọ́ kíkùn ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó wúkọ́ bó ti máa ń ṣe, kíkùn náà sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ó kúnlẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. “Mo ti dárí jì ọ́ pé o fi mí sílẹ̀,” ló wí. “Máa bọ̀ nílé.”

Kò fipá ṣí ilẹ̀kùn náà; a kì í jalẹ̀kùn mọ́ òkú lórí. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò sí àwòrán kankan lójú mítà mọ́. Mítà ò purọ́, ìyá onílé ò sì ní ìdí tí yóò fi purọ́. Ìyàwó òun ló wá kí òun. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú wáyà tó nípọn, ó sì jáde pẹ̀lú ayọ̀ tí kò ní látọjọ́ pípẹ́.

Ìyá onílé dúró títí oníná náà fi yà ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó gòkè, ó kan ilẹ̀kùn náà jẹ́jẹ́, ó ní, “Ṣí i, ọmọ mi, èmi ni, yára kó ẹrù rẹ, ọkọ tó ń lù ọ́ ti mọ ilé.”