Olùkọ́ Àwọn Ìyá

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí kì í jẹun àfi tó bá ń wo fóònù ti gba ìlú kan.

Láti àárọ̀ Sátidé yìí, ọ̀dọ̀ Zubaidah ni àwọn ìyá Olódò ti ń gba ìmọ̀ràn.

Zubaidah ò sì fi ìmọ̀ ṣahun. Bí ẹ bá gbọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ óò rò pé ó ti tọ́ ogún ọmọ. Mọ́dínà, ọmọ ọdún mẹ́rin, nìkan ló bí.

"Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn! Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ máa bá wọn ṣeré."

"Wọn ò wá ní í sunkún ni, Ìyá Mọ́dínà?"

"Ẹkún kì í pa ọmọ. Mọ́dínà tèmi ti gbàgbé kàtúùnù pátápátá."

Òótọ́ ni. Mọ́dínà wà lẹ́yìn ilé, ó ń ṣeré ìyá àti ọmọ.

Orí Zubaidah wú. Ó yọ́ lọ wò ó, kó lè ròyìn fún wọn.

Mọ́dínà pọn ṣùkù àgbàdo sẹ́yìn. Ó tẹjú mọ́ awẹ́ sílípáàsì kan, ó ń fi àtàǹpàkò ra á lójú.

Ó fi ohùn tín-ín-rín sunkún bíi pé ṣùkù náà ni: "Màámi, ebi ń pa mí."

Ó wá lejú bí ìyá, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Dákẹ́ jàre! Ṣé o ò rí i pé mò ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ ni?"

Zubaidah rántí pé ẹ̀kọ àárọ̀ Mọ́dínà ṣì wà nínú ewé.



Ohùn kan jáde látinú fóònù ọwọ́ rẹ̀: "Ìyá Mọ́dínà, a ò gbọ́ yín mọ́ o. Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?"