Ẹni tí Súbérù Lè Lé

Ní ọdún 2011, Súbérù, tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní ọjà Sankaryaré ní Ouagadougou, gba akọ̀wé kan sí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò gba èèyàn bẹ́ẹ̀ rí.

Abdulmuiz, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ọjà ń dín ní Kossodo, níbi tí ilé ìkẹ́rùsí náà wà, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe ń dín. Súbérù lé e. Àwọn àgbà ilé wọn pè láti Ṣakí, wọ́n bẹ̀bẹ̀, ó gbà á padà. Ó tún lé e, wọ́n tún pè. Nígbà tó yá, Abdulmuiz fúnra rẹ̀ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gba Niamey lọ. Láti ìgbà náà, ó ti tó ọdún mẹ́ta, Súbérù kò gbé fóònù ará ilé mọ́, kò sì lọ sí ìnáwó ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé páálí, títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

“Ẹni tí mo lè lé ni mo fẹ́,” ó sọ fún Ìbíjọkẹ́, ìyàwó rẹ̀. “Ẹbí ò ṣeé lé. Àna ò ṣeé bá wí. Àjòjì ni kí n lọ wá.”

Fáìzàh, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, wà nínú ilé wọn ní Gounghin nígbà náà. Ṣábẹ̀ẹ́ ló ti wá. Súbérù gbà á sílé nítorí pé ẹnu ọ̀nà ló ti sọ pé òun kò wá bèèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì lòun yóò ti wá a. Lọ́sọ̀ọ̀sán ló ń lọ sí kàfé íńtánẹ́ẹ̀tì Agnès, á sì gbé abọ́ oúnjẹ dání. Abọ́ náà kì í kéré. Súbérù ní ìwáṣẹ́ a máa pa èèyàn lébi.

“Nínú àwọn sáìtì iṣẹ́ yìí, èwo ló dáa?” ó bi í.

“Mẹ́ta ni mo mọ̀, Tonton. Àwọn tó wà lórí àkọ́kọ́, Abidjan ni gbogbo wọn ń gbé. Ẹ pè wọ́n títí, wọn ò ní wá.”

“Ìkejì ńkọ́?”

“CV kan náà ni gbogbo wọn fi síbẹ̀. Orúkọ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ìkẹta kéré, àmọ́ Ouaga níbí ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo ti wo gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Kò sí ọmọ Ṣakí kankan.”

“D'accord. Ìkẹta yẹn ni.”

Agnès bá wọn tẹ ìpolówó náà síbẹ̀. CV mẹ́rin ló wọlé. Fáìzàh kó wọn wálé, ó jókòó sí àgbàlá, ó ń kà wọ́n fún Súbérù.

“Fortuné, ilé búrẹ́dì ló ti ṣiṣẹ́. Augustine, awakọ̀ ni. Bádéjọ…”

“Bádéjọ ọmọ ibo?”

“Ìsẹ́yìn, Tonton.”

“Ìsẹ́yìn ò jìnnà sí Ṣakí. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́.”

“Ó wá ku eléyìí.”

“Eléyìí ò lórúkọ ni?”

“Ó ní in. Ẹ wò ó.” Ó na ìwé náà sí i.

Súbérù gbé e sún mọ́ ojú. “Charif. Ọmọ Àjàṣẹ́. Ó ti ṣiṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí rí.”

Ìbíjọkẹ́ gbójú kúrò nínú ẹ̀wà tó ń ṣà. Ó wo Fáìzàh díẹ̀.

“Bàbá Mariama,” ó ní, “ẹ bi í bó bá ti láya.”

“Kí ló kàn mí nínú aya rẹ̀?”

“Ẹ ṣáà bi í.”

Charif wá sí Kossodo ní ọjọ́ Ajé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ńtì. Súbérù bi í bóyá ó ní ẹbí ní Ouaga.

“Kò sí ẹbí mi kankan níbí, bàbá.”

“Ìyàwó ńkọ́?”

“Mo ní ìyàwó. Ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ló wà.”

“Jẹ́ kó wà níbẹ̀,” ni Súbérù wí, ó sì gbà á síṣẹ́.

Fáìzàh kò rí iṣẹ́. Kò lọ sí kàfé mọ́; oúnjẹ ọ̀sán ló ń gbé lọ sí Kossodo. Bó bá ń sọ̀rọ̀ nípa Charif, “onísitọ́ọ̀ yín” ló máa ń pè é. Súbérù bá a wí.

“Torí pé kì í ṣe ará ilé wa lo ò ṣe lè pe orúkọ ọmọ ọlọ́mọ? Ẹnu rẹ ò ní bó.”

“Ẹ má bínú, Tonton.”

Kò pè é síbẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá, Charif fi páálí ṣéènì ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní Kaya tó ra táyà. Kò pẹ́, ó kó táyà fún ẹni tó ra ṣéènì. Nígbà tó tún ṣe bẹ́ẹ̀, Súbérù kò pariwo. Ó dé ilé nírọ̀lẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

“Lọ́la ni màá lé e,” ó ní. “Barka! Kò sí àgbà Ṣakí kankan tó máa pè mí. Màá kàn ní, ó tó, máa lọ.”

“Ẹ jẹun ná,” ni Ìbíjọkẹ́ wí.

Fáìzàh kó abọ́ wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Súbérù tó wọ bàtà, Fáìzàh ti kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé fóònù tí ìyá rẹ̀ wà lórí rẹ̀ láti Ṣábẹ̀ẹ́ sókè, tìyá tọmọ sì jọ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó foríji ọkọ Fáìzàh, ẹni tí wọ́n so yìgì òun àti rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Charif ṣì wà nídìí iṣẹ́ náà.